Ìyàwó Dà?

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló mú Dalisay mọ Joris. Dalisay jókòó sórí àtẹ̀gùn èbúté ní Nong Khiaw, ní ilẹ̀ Laos, ó dé fìlà koríko bojú nítorí oòrùn, ó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi bí gbogbo èèyàn ṣe ń dúró, ni ọkùnrin gíga kan tí kò wọ bàtà bá wá bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Lao jákujàku ná an. Bó ṣe ń ná an ló ń mirí, bí ẹni pé wọ́n ti fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

"N kò tà á," ni Dalisay fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. "Oúnjẹ àárọ̀ mi ni."

"Háà! O mà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o! Ta ló kọ́ ọ ní ìlú kékeré yìí?"

"Iloilo ni mo ti wá, ní Philippines. Ìrìn àjò ni mo bá wá bíi tìẹ. Báàgì mi nìyẹn."

Ẹlòmíràn ì bá tọrọ àforíjì. Joris rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Kò burú. O kúkú jọ wọ́n. Ìyẹn á wúlò fún wa."

"Wa" tó ń wí yìí, òun àti Solenn ni. Solenn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, ojú rẹ̀ kún fún ìyanu bí ojú ọmọ tó kọ́kọ́ dé ọjà. Ọkọ̀ kò gbéra lọ́jọ́ náà, òun àti Dalisay ni wọ́n sì jọ sùn ní yàrá kan náà ní ilé àlejò. Ẹ̀rọ alùpùpù tí Joris gùn ló jó Solenn ní ojúgun, Joris sì ní kó fi ewé sí i, pé àwọn ará oko kì í lo oògùn. Dalisay tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fọ egbò náà, tó dì í, tó sì sọ fún un pé ewé tí kò lórúkọ kì í wo ẹsẹ̀ tó jóná. Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ti lẹ̀ mọ́ Joris ṣáájú, láti Thailand, ibi tí Joris bá sì kọjú sí ni òun náà ń kọjú sí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Dalisay fi tọ́jú aláìsàn ní Saudi. Nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó ní kí òun tó wá òmíràn, òun fẹ́ rí ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ní máa tẹ agogo pe òun. Ìyá rẹ̀ pariwo lórí fóònù: "O ṣiṣẹ́ bí ẹrú, kí o lè lọ máa sùn sí yàrá tí èèyàn mẹ́wàá ń hanrun? Àwọn ọmọ òyìnbó tí nǹkan sú nílé bàbá wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀!" Dalisay rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Lẹ́yìn tó ti rin Laos díẹ̀, ó rí i pé màmá òun ò parọ́ púpọ̀. Kò sí ìlú tó dé tí kò bá wọn níbẹ̀, tí wọ́n pọn báàgì sẹ́yìn bí ẹni pọn ìbejì, tí wọ́n wọ ṣòkòtò tí wọ́n ya erin sí, tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ibi tí àwọn jọ pàdé yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Nínú wọn, Joris ni ọba. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands ni. Ó rán àsíá gbogbo orílẹ̀-èdè tó ti dé mọ́ ara báàgì rẹ̀, ẹ ò sì ní jókòó tì í pẹ́ kó tó ka orúkọ wọn fún yín. Kì í wọ bàtà, nítorí ó ní ó yẹ kí ẹsẹ̀ èèyàn mọ ilẹ̀. Ó máa ń bá ìyá arúgbó tó ń ta ewébẹ̀ fa ọ̀rọ̀ owó táṣẹ́rẹ́ títí obìnrin náà á fi gbé e fún un kó lè kúrò níwájú òun, á wá yíjú sí Solenn, á ní, "Ṣé o rí i? Wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó mọ ọjà ná." Ní tòótọ́, ìyá náà ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tutọ́.

Kí ló wá mú Dalisay bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀? Ọkọ̀ tó ń gòkè odò Ou kì í gbéra lófìfo, ẹni mẹ́ta sì sàn ju ẹnì kan lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àánú Solenn ń ṣe é. Òótọ́ kẹta tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti ń gbádùn àtimáa kẹ́gàn ọkùnrin náà nínú ara rẹ̀, bí ẹni tó ń họ ibi tó ń yún un.

Joris ti gbọ́ pé abúlé kan wà lókè odò, ó ń jẹ́ Hatsai, pé kò sí ilé àlejò níbẹ̀, pé àwọn òyìnbó kì í dé ibẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó fún un. Nínú ọkọ̀, bí òkè gíga ṣe ń kọjá lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí àwọn ẹfọ̀n ń wẹ̀ lẹ́bàá omi, kò wo ọ̀kan nínú wọn. Ẹnu rẹ̀ ni kò dákẹ́.

"Onífàájì yàtọ̀ sí arìnrìn-àjò," ló ń wí fún Solenn. "Onífàájì ń wo nǹkan ni. Arìnrìn-àjò ń wọ inú rẹ̀."

"Ìwọ wá ńkọ́, Dalisay?" ni Solenn béèrè. "Èwo ni ìwọ?"

"Èmi? Mo wà lẹ́nu ìsinmi ni."

Solenn rẹ́rìn-ín. Joris kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará Éṣíà kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń rin ìrìn àjò, pé ọjà ìgbàlódé ni wọ́n máa ń wọ́ lọ bí wọ́n bá dé ìlú onílùú. Ó wá fọwọ́ kan èjìká Dalisay, ó ní, "Kì í ṣe ìwọ o." Dalisay wo ọwọ́ náà títí tó fi gbé e kúrò.

Kí wọ́n tó gúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ orin. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké láti àárín abúlé. Bí wọ́n ṣe gun etí odò, wọ́n rí i pé wọ́n ta tapólì síwájú ilé onígi kan, wọ́n to tábìlì àti àga sábẹ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin ń ta káàdì, páálí bíà wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, èéfín ẹran yíyan sì gba gbogbo ibẹ̀.

"Ìgbéyàwó!" Joris fò sókè. "Ẹ ò rí orí mi bí? Ìgbéyàwó ìbílẹ̀! Kò sí òyìnbó kankan tó tíì rí irú èyí!" Ó ti ń yọ kámẹ́rà nínú àpò.

Dalisay kò mira. Ó kọ́kọ́ wo àwọn tó ń ta káàdì, ó wá wo àwọn obìnrin tó ń bó aáyù lábẹ́ igi, méjì nínú wọn wọ aṣọ funfun láìsí ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi bébà aláwọ̀ mèremère ṣe òdòdó, wọ́n ń so ó mọ́ ara ọparun. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ó mọ ibi tó wà. Ní Iloilo, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, báyìí náà ni àwọn aládùúgbò ṣe wá ta káàdì fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, kí ilé má bàa dá páropáro, kí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ má bàa ku àwọn nìkan.

"Joris," ló wí, "gbé kámẹ́rà yẹn padà. Ilé òkú ni."

"Ilé òkú wo? Pẹ̀lú orin àti bíà?"

"Mo ní ilé òkú ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni wo ọmọdé tó ń já lu ọ̀rọ̀ àgbà. "Dalisay, tètí gbọ́ mi. Ẹ̀yin ti gba ìsìn òyìnbó tipẹ́. Ẹ ò mọ nǹkan ìbílẹ̀ mọ́. Èmi ti ka ìwé lórí àwọn èèyàn yìí. Wọn kì í sunkún níta, lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jó ní ilé òkú."

"Ta lo rí tó ń jó?"

"Wọ́n ń dúró de ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ ni."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Dalisay ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó lè di ọkùnrin náà lápá mú, ó lè pe ẹnì kan láti inú ilé. Kò ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀. Inú ti bí i débi pé ó fẹ́ kí Joris ṣubú, ó sì fẹ́ fojú ara òun rí i. Ó fa Solenn sẹ́yìn, ó ní, "Ìwọ jókòó. Jẹ́ kó máa wọ inú nǹkan lọ."

Joris wọ inú rẹ̀ lóòótọ́. Ó bọ́ sábẹ́ tapólì tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ń pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà kí gbogbo èèyàn. Àwọn ará abúlé fún un ní àga, wọ́n bu bíà fún un, nítorí ẹni tó bá wá sí ilé òkú, àlejò iyì ni. Ó gbé e mu lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bu òmíràn. Ó ya àwòrán àwọn tó ń ta káàdì, ó ya ti òdòdó bébà. Nígbà tó mu ìkẹta, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń yí ọrùn ọwọ́ po bó ṣe rí i tí àwọn oníjó ń ṣe níwájú àwọn onífàájì ní ìlú ńlá. Ẹsẹ̀ lásán rẹ̀ ń ru eruku sókè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan bojú rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbàlagbà ń wo inú ife wọn. Obìnrin aláṣọ funfun kan dìde, ó gbé àwo aáyù rẹ̀, ó bá ẹ̀yìn ilé lọ.

"Dalisay, dá a dúró," ni Solenn wí. Omi ti lé sójú rẹ̀.

"Ó ti ka ìwé," ni Dalisay dá a lóhùn.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan jáde láti inú ilé. Kò tíì darúgbó, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí ẹni tí egungun ń dùn. Wọ́n yàgò fún un, Joris sì mọ̀ pé ẹni pàtàkì ni. Ó dá ijó dúró, ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó ń mì í jìgìjìgì. Ó ṣa díẹ̀ tó gbọ́ nínú èdè Lao jọ, ó bi í léèrè pẹ̀lú ẹ̀rín tó lọ láti etí dé etí:

"Ìyàwó dà?"

Ẹni tó ń ta káàdì kò ta mọ́. Ẹnì kan na ọwọ́ pa orin. Ọkùnrin náà wo Joris fún ìgbà díẹ̀, ìbínú kò sí lójú rẹ̀. Kò fi ọwọ́ Joris sílẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó sì mú un gun àtẹ̀gùn ilé lọ.

Dalisay dìde. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn títí dé ẹnu ọ̀nà.

Pósí wà ní àárín ilé, wọ́n fi bébà aláwọ̀ wúrà bò ó. Àwòrán obìnrin kan wà níwájú rẹ̀, obìnrin arẹwà, tó wọ aṣọ sílíkì tó fi ṣe ìgbéyàwó, tó di irun sókè. Àwọn ọmọbìnrin méjì jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń di irun fún àbúrò. Ọkùnrin náà nawọ́ sí àwòrán.

"Ìyàwó mi nìyí," ló wí.

Ó mú igi tùràrí, ó tanná sí i, ó nà án sí Joris kó lè bá òun júbà fún olóògbé. Joris dúró gbagidi bí òpó. Ẹnu rẹ̀ là, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Dalisay ti mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà ń fì láyà rẹ̀. Ó yíjú padà wìì, ó forí gbá àtẹ́rígbà, ó sáré sọ̀kalẹ̀, kò sì dúró títí ó fi dé etí odò. Ó fi ọkọ olóògbé sílẹ̀ pẹ̀lú igi tùràrí tó ń rú èéfín lọ́wọ́.

Dalisay wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gba tùràrí náà. Kò mọ àdúrà wọn, ó ka tirẹ̀. Nígbà tó parí, ọkùnrin náà bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Obìnrin aláṣọ funfun tó gbé aáyù lọ lẹ́ẹ̀kan ti wọlé, ó jókòó tì í. Bounmy lorúkọ rẹ̀, àbúrò olóògbé ni, ilé ìtura kan ní Luang Prabang ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Khamsing, ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín," ló wí. "Ó ní kò sẹ́ni tó ti bi òun léèrè ìyàwó òun láti ọjọ́ tó ti kú. Gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Ó ní bóyá ìyàwó ọ̀rẹ́ yín náà ti kú, tó fi sá lọ bẹ́ẹ̀."

Dalisay wo Bounmy, ó rí i lójú rẹ̀ pé Bounmy mọ òótọ́. Ilé ìtura ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ó ti rí irú Joris lọ́pọ̀lọpọ̀. Bounmy mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ Dalisay pé kó ṣàánú ọkùnrin náà.

"Ẹ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni," ni Dalisay wí. "Ẹ ní ìyàwó rẹ̀ kú."

Bó ṣe di pé ọkùnrin tí kò yẹ kó níyàwó gba òkú ìyàwó lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Khamsing kẹ́dùn, ó kẹ́dùn gan-an ni. Ó pe àwọn obìnrin, wọ́n di ìrẹsì alẹ̀mọ́ sínú ewé, wọ́n di ẹja yíyan mọ́ ọn, ó ní kí wọ́n gbé e fún opó ẹlẹgbẹ́ òun, kó lè mọ́kàn le, kó jẹun.

Dalisay kò tètè lọ. Ó jókòó ti Bounmy, ó bá wọn bó aáyù. Solenn náà wá jókòó, kò sẹ́ni tó pè é, ó mú ọ̀bẹ. Nígbà tí Bounmy ń pe Dalisay ní ẹ̀gbọ́n, Solenn bi í léèrè ìdí, Dalisay ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe nílé òun, pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń pe orúkọ àgbà lórí ahọ́n lásán bí ẹni ń pe ajá. Ojú Solenn pọ́n fún ìtìjú. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ rẹ̀ lásán mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé inú ọkọ̀, Joris ti wà níbẹ̀, ó ń di iwájú orí tó wú mú. "Ẹ pẹ́," ló wí. Ó rí ìdì ewé náà. "Kí nìyẹn? Ebi ń pa mí o."

Dalisay jù ú sí i lẹ́sẹ̀, ó sì sọ ohun tí Khamsing rò fún un, àti irọ́ tí òun pa. Ó rò pé oúnjẹ náà á há a lọ́fun. Joris tú ewé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

"Èmi? Mi ò tíì gbéyàwó rí," ló wí, ẹja lẹ́nu. Ó jẹun díẹ̀ sí i. "Ṣùgbọ́n ìtàn tó dáa nìyẹn o. Àbẹ́ ò rí i? Ọkùnrin méjì, tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn..." Ó yọ egungun ẹja kúrò láàárín eyín. "Iyọ̀ ò tó o."

Solenn ṣí lọ sí iwájú ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí i.

Ní Nong Khiaw, Dalisay kò jẹ́ kí wọ́n wọ ilé àlejò tààrà. Nílé wọn, ẹni tó bá ti ilé òkú bọ̀ gbọ́dọ̀ yà síbòmíì kí òkú má bàa tẹ̀ lé e. Òun àti Solenn yà mu ọbẹ̀ núdù lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Joris ní òun ò lè bá wọn ṣe ìgbàgbọ́ asán, ó lọ sùn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní Luang Prabang, wọ́n tún pàdé rẹ̀. Òwúrọ̀ ni, ilé kọfí etí odò kún. Ó ti rí ọmọbìnrin tuntun kan, tí báàgì rẹ̀ ṣì mọ́ fóò. Tábìlì méjì péré ló wà láàárín wọn, kò sì rí wọn.

"Ọkọ obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá di ọwọ́ mi mú," ni Joris ń wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi ti àlùfáà. "Ó mú mi wọlé. Kò sí àjèjì tó tíì wọ ibẹ̀ rí. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn wò mí, ó mọ̀. Ó mọ̀ pé èmi náà ti pàdánù ẹnì kan."

"Ta ni?" ni ọmọbìnrin náà béèrè. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ọwọ́ Joris.

Joris wo odò, ó mí kanlẹ̀. "Mi ò fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́."

Dalisay ti ń dìde, ṣùgbọ́n Solenn ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó dúró síwájú tábìlì náà.

"Irọ́ ni," ló wí, ó sì pariwo débi pé gbogbo ilé kọfí yíjú sí i. "Kò níyàwó rí. Ó jó nílé òkú. Ó mu bíà, ó sì bi ọkọ olóògbé pé níbo ni ìyàwó wà. Nígbà tí wọ́n fi pósí hàn án, ó sá. Ó wá jẹ ẹja wọn, ó ní iyọ̀ ò tó!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ojú Joris pọ́n, ó funfun, ó tún pọ́n. Ó ní Solenn ń jowú, pé ọ̀rọ̀ àṣà ni, pé kò lè yé ọmọdé. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ọmọbìnrin tuntun náà sì rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Dalisay dúró lẹ́yìn Solenn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pariwo rẹ̀ ní Hatsai, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ogún ọdún ló bá a pariwo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí gúúsù. Ọ̀nà òkè náà lọ́, ó tún lọ́, dírẹ́bà sì ń sá eré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Solenn ti ká jọ síbi fèrèsé, ó gbé ọ̀rá sẹ́nu nítorí èébì tó ń gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí nígbà tó mí díẹ̀, "ṣé ẹ kẹ́gàn èmi náà?"

"Ní èbúté lọ́jọ́ yẹn? Bẹ́ẹ̀ ni. Mo kẹ́gàn yín pọ̀ ni."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

Bọ́ọ̀sì tún yí kọ́nà, Dalisay sì fọwọ́ gbá a lẹ́yìn mú.

"Nísinsìnyí, di ọ̀rá yẹn mú dáadáa. Aṣọ mi kan ṣoṣo tó mọ́ rèé."